Ọ̀fun Àbẹ̀kẹ́ Kò Ṣàìsàn Rí

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín. Àgbàlagbà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, Ìkọ̀lé ni mò ń gbé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ìyàwó mi kú láìgbọ́ ọ. Àlùfáà wa náà kò gbọ́ ọ rí.

Mo ba ohùn obìnrin kan jẹ́ lórí rédíò, mo sì jẹ́ kí ó gbà pé ọ̀fun rẹ̀ ló bàjẹ́. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Ǹ bá gbé e wọ sàréè, ṣùgbọ́n obìnrin náà pè mí lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òun àti ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá sí ilé mi lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ohun tó ní kí n bá òun ṣe ni kò jẹ́ kí ara rọ̀ mí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi.

Mo lọ sí yunifásítì ní Ìbàdàn nígbà tí àwọn tó ti ibẹ̀ jáde ní ìlú wa kò tíì pọ̀. Ẹ̀kọ́ físíìsì ni mo kọ́. Ọ̀kan nínú wa ní rédíò, gbogbo wa á sì pagbo yí i ká ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń gbọ́ orin àti ìròyìn. Èmi ń ronú bí ohùn ènìyàn ṣe ń kúrò lẹ́nu rẹ̀ tó fi ń dé inú àpótí onígi. Ayé ìgbà náà dùn. Mo rò pé bí mo bá fi lè mọ àṣírí yẹn, mo ti mọ gbogbo nǹkan.

Mo ṣiṣẹ́ káàkiri. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, mo padà wálé, mo sì di olórí àwọn ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní apá ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà kò ṣẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun kan kí ohun tí mo ṣe lè yé yín. Ohùn olùkéde kì í ti ẹnu máíkì lọ tààrà sí afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ kan wà láàárín tó máa ń tún ohùn ṣe. Bí ohùn bá tinrín, a lè fi ara kún un. Bí ó bá ń pariwo jù, a lè mú un wálẹ̀. Tí a bá ti to ohùn ẹnìkan títí ó fi dára, a ó fún ètò náà ní nọ́ńbà, ẹ̀rọ á sì fi í pamọ́. Olùkéde kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí: “Ta ló kàn?” “Àbẹ̀kẹ́ ni.” “Tẹ nọ́ńbà kẹrin.”

Àbẹ̀kẹ́ kọ́ ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n máa pè é bẹ́ẹ̀. Ará Ìtàjí ni ọkọ rẹ̀. Òun ló ń ka ìkéde òkú láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, ẹ mọ̀ pé ìkéde òkú kì í ṣe ohun eré. Fóònù alágbèéká kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ibẹ̀ ni ará oko ti ń mọ̀ pé àna òun kú, ibẹ̀ ni ó ti ń mọ ọjọ́ tí wọn yóò sin ín. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá ti ní, “Ẹ̀yin ará ulé, ẹ̀yin ará oko,” ẹni tó ń gún iyán á dá ọmọ odó dúró.

Ohùn rẹ̀ kò le. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, á dúró ṣinṣin. Bí ó bá ń parí rẹ̀, á rọra sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni ń gbé ọmọ tó ti sùn sórí ẹní. Èmi ni mo jókòó tì í nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ó ń ka ìwé kan náà ní àkàtúnkà, tí mò ń to nọ́ńbà kẹrin sí ohùn rẹ̀. Nígbà tí mo ṣe é tán, mo gbọ́ ọ nínú rédíò ọ̀gá wa, ara mi sì yá gágá. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ mi kan tó tún dára tó o.

Ìṣòro kan wà. Iná kì í sábà wà, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé wa, ẹ̀yìn ògiri sítúdíò ló sì wà. Kí ariwo rẹ̀ má baà máa gba máíkì jáde, mo to ohun kan sínú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ bí ilẹ̀kùn. Bí olùkéde bá ń sọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn á ṣí. Bí ó bá dákẹ́, á tì. Ọwọ́ mi ló wà láti sọ bí ohùn ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó kí ilẹ̀kùn tó ṣí fún un. Fún Àbẹ̀kẹ́, mo jẹ́ kí ó fúyẹ́, torí ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó máa ń lọ sílẹ̀.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi kú.

Kí ìyá mi tó fẹ́ bàbá mi, ó ti bí ọmọkùnrin kan fún ọkọ mìíràn ní Ayébòdé. Àwọn àgbà ilé mọ̀, ṣùgbọ́n a kì í sọ ọ́. Ní ilé bàbá mi, èmi ni wọ́n ń pè ní àkọ́bí. Àkọ́bí náà ni àwọn ọ̀rẹ́ mi ní yunifásítì mọ̀ mí sí. Nígbà tí ìyá kú, àwọn ẹbí rẹ̀ kọ ìkéde, wọ́n sì fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ará Ayébòdé ṣáájú tèmi. Ọ̀dọ̀ wa, orúkọ ọmọ tí wọ́n bá kọ́kọ́ kà lórí rédíò kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni náà ni àwọn àna yóò béèrè, òun ni yóò dúró níbi orí òkú.

Mo lọ bá Àbẹ̀kẹ́ ní sítúdíò. Mo ní kí ó fi orúkọ mi ṣáájú, tàbí kí ó kàn sọ pé “àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ” kí ó sì kọjá lọ.

Ó wo ìwé náà, ó wò mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹbí ló kọ ọ́. Bí mo bá yí èyí, lọ́la ẹlòmíràn á ní kí n yọ ìyáalé òun kúrò.”

Mo ní, “Èmi ni mò ń sọ fún ọ.”

Ó ní, “Mo mọ̀, sà. Ẹ lọ bá wọn nílé kí wọ́n kọ òmíràn wá. Bí ẹ bá mú un dé kí aago ìkéde tó lù, n óò kà á.” Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ẹ̀yin náà kì í jẹ́ kí a fọwọ́ kan bọ́tìnnì yín, Ẹ̀gbọ́n.”

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìrera. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí. Ó ka ìkéde náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú ohùn tí mo tò fún un. Gbogbo agbègbè wa ló gbọ́ ọ, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìdó.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, àwọn ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ wá. Ọ̀kan ní, “Àṣé ọmọ kejì ni ọ́? O sì ti ń jẹ oyè àkọ́bí lé wa lórí láti Ìbàdàn.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó tó àkókò láti da iyẹ̀pẹ̀ sí sàréè, ẹ̀gbọ́n mi ará Ayébòdé sún sẹ́yìn. Ó rọra sọ fún mi pé, “Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ dà á. Ọ̀dọ̀ rẹ ni ìyá gbé.” Ó yẹ kí ìyẹn wẹ inú mi mọ́. Kò wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Nígbà tí mo padà sí ẹnu iṣẹ́, mo wọ yàrá ẹ̀rọ nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun. Mo pe nọ́ńbà kẹrin jáde. Mo mú kí ilẹ̀kùn yẹn le, kí ó jẹ́ pé ohùn tó bá lágbára nìkan ni yóò ṣí i. Mo yọ díẹ̀ lára ìsàlẹ̀ ohùn rẹ̀ kí ó lè tinrín. Mo fi í pamọ́ sí nọ́ńbà kan náà, mo sì jáde. Kò pẹ́ ju ìgbà tí ènìyàn fi ń mu omi lọ.

Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ díẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí ojú tì í bí ojú ṣe tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní àwáwí mìíràn.

Ohun tí olùkéde ń gbọ́ ní etí tirẹ̀ nínú sítúdíò kò gba inú ẹ̀rọ yẹn kọjá. Nítorí náà, ohùn rẹ̀ pé létí ara rẹ̀. Àwọn tó wà nílé ni wọ́n ń gbọ́ ọ lábùkù. Wọ́n á gbọ́ orúkọ òkú, wọn kò ní gbọ́ ìlú rẹ̀. Wọ́n á gbọ́ “ìsìnkú yóò wáyé ní”, ìyókù á sì wọlẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Àbẹ̀kẹ́ ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Àwọn ọlọ́kadà tó wà ní ìkóríta á rí i, wọ́n á ní, “Ìyá ìkéde, òkú ta lẹ gbé mì láàárọ̀ yìí?” Ẹlòmíràn á ní, “Ẹ parí ọ̀rọ̀ náà fún wa kí ẹ tó jẹun o.”

Ọ̀rọ̀ náà le nígbà tí ọkùnrin kan ti Ìfisìn wá. Bàbá rẹ̀ ló kú. Àwọn àna rẹ̀ kò gbọ́ ọjọ́ ìsìnkú nínú ìkéde, wọ́n gbọ́ orúkọ nìkan. Ìgbà tí wọ́n fi máa dé, wọ́n ti ká àga kúrò ní ìta. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ọkùnrin náà jókòó sí ọ́fíìsì ọ̀gá wa, kò gba omi, kò gba àga tó ní tìmùtìmù. Ó ní, “Ìyàwó mi ti kó lọ sílé wọn. Wọ́n ní mo fi bàbá mi pamọ́ fún wọn. Ẹ bá mi pe obìnrin yẹn kí ó wá sọ ọjọ́ tó kà fún wọn.”

Ọ̀gá wa pe èmi àti Àbẹ̀kẹ́. Ó ní, “Ẹnjiníà, ẹ̀rọ ni àbí ẹnu?”

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dúró. Mo ní, “Kò sí nǹkan tó ṣe ẹ̀rọ, sà. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò.” Mo ní kí olùkéde mìíràn, ọkùnrin kan, jókòó sídìí máíkì Àbẹ̀kẹ́, kí ó ka ìwé kan náà. Kí ó tó kà á, mo ti tẹ nọ́ńbà kejì, tó jẹ́ tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ jáde ketekete nínú rédíò ọ̀gá. Mo ní kí Àbẹ̀kẹ́ kà á, mo sì tẹ nọ́ńbà kẹrin. Gbogbo wa gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń já.

Nígbà tí ó jáde láti sítúdíò, kò sí ẹni tó wo ojú rẹ̀. Ó ní, “Ṣé ọ̀rọ̀ mi ń já lóòótọ́?” Ó yíjú sí mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ ohùn mi jù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Mo ní, “Ọ̀fun rẹ ni. Lọ sinmi.”

Ó lọ sinmi. Ó jẹ orógbó, ó mu oyin àti ata ilẹ̀. Ó lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Àbẹ̀kẹ́ wá sọ ọ́ fún mi. Ó rò pé inú mi yóò dùn. Mo ní kí ó tún máa tọ́jú ara rẹ̀. Ó padà sórí afẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ sì ń já bí i ti tẹ́lẹ̀, torí n kò tíì tún nọ́ńbà náà ṣe. Lẹ́yìn ìdánwò yẹn, ẹ̀rù ti bà mí. Bí ohùn rẹ̀ bá dédé padà, ọ̀gá yóò béèrè ohun tí mo fọwọ́ kàn.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀. Nígbà tí dókítà kò rí nǹkan, àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà ju ti dókítà lọ. Wọ́n mú un lọ sí ilé àdúrà kan. Ó gbààwẹ̀ títí ó fi rù. Ẹni tó ń gbàdúrà fún un sọ pé ìyá àgbà kan tó ń dáná fún un ló fi oúnjẹ gba ohùn rẹ̀. Ìyá àgbà tó ń dáná fún un kò ju ẹnìkan lọ, ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ìtàjí ni. Obìnrin yẹn fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló máa ń gbé rédíò sórí àpótí ní ìta kí àwọn aládùúgbò lè gbọ́ ìyàwó ọmọ òun.

Àbẹ̀kẹ́ kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Kò jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹ ẹ́. Wọ́n ní ìyá náà á se é, á gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà, á dúró níbẹ̀, á sì tún gbé e padà. Ó kú láàárín ọdún náà. Èmi àti àwọn ará ibi iṣẹ́ lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Mo jẹun níbẹ̀.

Wọ́n mú Àbẹ̀kẹ́ kúrò lórí afẹ́fẹ́, wọ́n ní kí ó máa gba ìwé ìkéde lọ́wọ́ àwọn tó bá mú un wá. Bí ó bá ti ń gbà á, á kọ́kọ́ kà á sínú, ètè rẹ̀ á máa mì. Kò pẹ́ tí ó fi kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí ó padà sí Ìtàjí láti máa ṣe gààrí. Ìgbà tí ó ti lọ tán ni mo tún nọ́ńbà kẹrin ṣe. Wọ́n fi í fún ẹlòmíràn tí ohùn rẹ̀ jọ ti Àbẹ̀kẹ́, ó sì dùn ún gbọ́. Ọ̀gá wa ní, “Ẹ ò rí i, ẹ̀rọ wa dára.” Kí n tó fẹ̀yìn tì, àrá sán lu òpó wa, ẹ̀rọ náà sì jóná. Kò sí ibì kankan mọ́ tí ènìyàn ti lè rí ohun tí mo ṣe, àfi ibi tí mo bá fẹnu ara mi sọ ọ́.

Mo ti ń ṣọ́ra fún ọ̀nà Ìtàjí láti ìgbà náà. Bí ìnáwó bá gbé mi lọ síbẹ̀, mo máa ń ní ara mi kò yá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni fóònù mi dún. Ọmọbìnrin kan ló kí mi. Ó ní, “Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ò ní mọ̀ mí. Èmi ni àbíkẹ́yìn Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ tí ẹ jọ ṣiṣẹ́. Màámi ní kí n pè yín kí n lè gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé mò ń ya wèrè.” Ó ń rẹ́rìn-ín bí ó ṣe ń sọ ọ́. Ó ti jáde ní yunifásítì, ó ṣe ìdánwò ohùn ní ilé iṣẹ́ rédíò kan, wọ́n sì gbà á. Ìyá rẹ̀ ní kò ní í lọ. Ó ní ọ̀fun ìdílé àwọn kì í tọ́jọ́.

Àbẹ̀kẹ́ gba fóònù. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹnìkan. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àtijọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un. Ẹ sọ fún un pé máíkì ń jẹ ọ̀fun. Ẹ̀yin lẹ kàwé rẹ̀. Bí ó bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín, á gbà.”

Mo ní, “Ṣé o ṣì ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì bí o ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀?”

Ó ní, “Kí n máa dójú ti Olúwa? Wọ́n ní kí n ka ẹ̀kọ́ nígbà ìkórè, mo ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn. Ó ti mọ́ mi lára.” Ó tún ní, “Mi ò gbàgbé yín, Ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí gbogbo wọn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀yin nìkan lẹ ní kí n máa tọ́jú ara mi.”

Etí mi ti darúgbó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì fi í sílẹ̀. Ohùn náà wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pé. Ó kàn ń dì í mọ́ra ni, torí mo ní kí ó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé kí wọ́n wá bá mi nílé lẹ́yìn Àjíǹde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. N kò ní sọ fún ọmọ náà pé máíkì ń jẹ ọ̀fun. Irọ́ yẹn, n kò tún ní í pa á. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ òtítọ́ kí ọmọ náà lè rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ délẹ̀ fún ìyá. Àbẹ̀kẹ́ yóò mọ̀ pé ohùn òun kò lọ síbì kankan. Ìyẹn lè dùn mọ́ ọn nínú fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni yóò rántí obìnrin àgbà tó gbé oúnjẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà òun.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni, sọ pé kí a jẹ́ kí òkú sùn, kí n kàn sọ fún ọmọ náà ní kọ̀rọ̀ kí ó máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọgbọ́n. Mo ti bi ara mi bóyá àánú ìyá ló ń ṣe mí tí ìmọ̀ràn yẹn fi wù mí, tàbí pé mo tún ń wá ibi tí n óò sá sí.

N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi wí pé kò burú. Ó burú. Ohun tí mò ń béèrè ni bí ènìyàn ṣe ń sọ fún obìnrin kan, nínú pálọ̀ ara ẹni, lójú ọmọ rẹ̀, pé ìyá ọkọ rẹ̀, tí òun kọ oúnjẹ rẹ̀ títí ó fi kú, kò mọ nǹkan kan. Bí ẹnìkan nínú yín bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, tàbí tí wọ́n ti sọ ọ́ fún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sí olóòtú kí Àjíǹde tó dé.